AṢỌ FUNFUN ÀTI ÀPÓTÍ OWÓ

Ẹ̀kọ́ fún ìjọ, ní Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni

Bíbélì kíkà: Àwọn Ọba Kejì 12:4–15, Lúùkù 19:1–10, Kọ́ríńtì Kejì 8:16–21.

 

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti ìran, kì í ṣe ti àlá. Ti owó ni. Àwọn kan lè wí pé, “Kí ló kan owó nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí?” Ó kàn án gan-an ni. Nínú àwọn òwe tí Olúwa wa pa, a rí ti gbèsè, a rí ti ìríjú, a rí ti owó ọ̀yà àwọn alágbàṣe. Ó mọ̀ pé owó a máa fa ọkàn ènìyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú aṣọ funfun tí a wọ̀ kì í ṣe tiwa. Ti Ọlọ́run ni. A kàn fi í ṣọ́ wa ni. Ẹni tí ó bá fi í ṣòwò, ohun olóhun ni ó ń tà.

1. Ibi tí iyì aṣọ yìí ti wá

Àwọn ìjọ aláṣọ funfun kò bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn olówó. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ní Àjàṣẹ́, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Samuel Bilewu Oshoffa, ni ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀. Àwọn apẹja ni ó gbé ìjọ náà dé Makoko ní ìlú Èkó. Bí a bá ti wọ sùtánà, tí a bọ́ bàtà sílẹ̀, olówó àti tálákà di ọ̀kan náà. Nítorí náà ni ará ìta fi ń rí wa tí ó ń wí pé, “Ẹni Ọlọ́run nìyí.” Á fi ọmọ rẹ̀ tì wá. Á sọ àṣírí ilé rẹ̀ fún wa. Á gbé owó fún wa láì gba ìwé.

Àwọn baba wa máa ń wí pé bí a bá ń wá owó lọ, tí a bá pàdé iyì lọ́nà, ká padà sílé; torí bí a bá rí owó náà tán, iyì náà la ó fi rà. Ará, iyì ti wà lọ́wọ́ wa. Kí ló dé tí a ó tún gbé e lọ sọ́jà?

2. Ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2010

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa Benin. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní ICC Services. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n sì ń ṣèlérí èlé tí kò sí báńkì tí ó lè san irú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé rí èlé gbà. Ìdẹ náà nìyẹn. Ìyá kan gba èlé, ó sọ fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò sọ fún ará ìjọ. Ará ìjọ lọ ta ilẹ̀. Ní àárín ọdún 2010, gbogbo rẹ̀ dojú dé. Àwọn tí ó fi owó síbẹ̀ ju 100,000 lọ, owó tí ó sì há síbẹ̀ ju bílíọ̀nù 100 séfà lọ. Ọ̀rọ̀ náà mi ìjọba Ààrẹ Boni Yayi. Mínísítà ètò abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀. Ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ CRIET ní Àjàṣẹ́ tó dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún àwọn olórí iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí owó wọn mọ́.

Kì í ṣe àjẹ́ ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́ o. Ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. Bí ènìyàn 10 bá mú 100,000 séfà wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 1 nìyẹn. Bí a bá ṣèlérí ìlọ́po méjì fún wọn, a jẹ wọ́n ní mílíọ̀nù 2. Níbo ni mílíọ̀nù kejì yóò ti wá? Lọ́wọ́ ènìyàn 10 mìíràn. Àwọn yẹn náà ń retí mílíọ̀nù 2, kò sì sí kọ́bọ̀ nílẹ̀. Ó di kí a wá ènìyàn 20. Lẹ́yìn 20, ó di 40. Lẹ́yìn 40, ó di 80. Ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá dé mọ́, ọjọ́ náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Kò sí oko tí a dá, kò sí ọjà tí a tà. Owó ẹni tí ó kẹ́yìn ni a fi ń san èlé ẹni tí ó ṣáájú.

Kí ló wá kan ìjọ níbẹ̀? Òun nìyí: púpọ̀ nínú àwọn tí irú nǹkan báyìí ń mú kì í gba ìṣirò gbọ́, ènìyàn ni wọ́n gbà gbọ́. Bí aṣáájú bá dìde lẹ́yìn ìwàásù, nínú sùtánà, tí ó ní, “Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kan wà tí ń mú owó wá o,” àwọn àgùtàn kò ní bèèrè ìwé. Wọ́n á ní, “Bàbá ti sọ ọ́.” Ọjọ́ tí owó bá ṣègbé, kì í ṣe owó nìkan ni ó lọ. Opó tí ó pàdánù owó ilé lè pàdánù àdúrà pẹ̀lú. Ta ni yóò dá ìyẹn padà fún un?

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ 2010 ti tán. Ẹ̀rọ ìléwọ́ ni ó ń gbé irú rẹ̀ wá báyìí. Orúkọ ni ó yí padà, ìṣirò rẹ̀ kò yí.

3. Àpótí Jéhóíádà

Ní ayé Jóáṣì ọba, owó ń wọ inú tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ògiri ṣì ń wó. Ìwé Mímọ́ kò pe àwọn àlùfáà lólè. Ohun tí ó sọ ni pé owó ń wọlé, a kò sì tún ilé ṣe. Kí ni wọ́n wá ṣe? A kò gbọ́ pé wọ́n gégùn-ún, a kò gbọ́ pé wọ́n pe ààwẹ̀ lé e lórí. Jéhóíádà àlùfáà gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Bí ó bá kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni ó ń kà á, àwọn méjèèjì papọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó gbẹ́nàgbẹ́nà àti ti mọlémọlé.

Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá owó jọ fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin tí àwọn ìjọ yàn sí i, kí ẹnu má baà kùn wọ́n. Bí Pọ́ọ̀lù bá lè gbà kí a ṣọ́ òun, aṣáájú wo ni yóò bínú pé wọ́n ní kí òun mú ìwé owó wá? Bíbèèrè ìṣirò kì í ṣe àrífín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ìṣirò ń gbè.

4. Lójú ọ̀nà Ìgólò

Ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹrù lé aṣáájú lórí. Ẹni gbogbo ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ìlú bodè ni tiwa. Láti Ìgólò, Ìdí-Ìrókò kò jìnnà. Sákéù pàápàá, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò ni. Ọjọ́ tí Olúwa wọ ilé rẹ̀, kì í ṣe omijé nìkan ni a fi mọ̀ pé ó ti yí padà. Ó pín ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ fún tálákà, ó sì ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ ní iye tí a lè kà.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di 2022. Ebi pa ọ̀pọ̀ ilé. A mọ̀ pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ a máa dán ènìyàn wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta gàrí, agolo tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, irọ́ ni, bí a tilẹ̀ fi orin mímọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin tí ń ṣẹ́ owó, bí ìyá àgbà kan bá mú séfà wá, tí kò mọ iye tí náírà jẹ́ lónìí, ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń ṣọ́ bodè, Jòhánù Onítẹ̀bọmi kò ní kí agbowó-òde fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gbà ju ohun tí a yàn fún wọn lọ.

A ó sì sọ ti epo kpayo. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jẹun, iṣẹ́ mìíràn kò sì pọ̀. A kò ní fi ẹnu ẹni tí ó yó bú ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó epo náà sí ní Sèmè-Kraké; ó ju ènìyàn 30 lọ tí ó kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá kó jálá epo sí yàrá tí ọmọ ń sùn, tí ó ní àdúrà yóò ṣọ́ ọ, Ọlọ́run ni ó ń dán wò. Àdúrà kì í sọ epo di omi. Ìjọ tí ó bá sì ń gba ìdámẹ́wàá owó náà, ó yẹ kí ó ran onítọ̀hún lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kí a gba owó kí a sì dákẹ́, kò tó.

5. Ohun tí a ó ṣe

Ẹ̀yin aṣáájú, ẹ jẹ́ kí a gba mẹ́rin yìí mọ́ra.
Èkíní: ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá owó ìjọ kà, ó kéré tán, kí ó jẹ́ ènìyàn méjì, kí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí ìwé.
Èkejì: lóṣooṣù, kí a ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sétí ìjọ, ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́.
Ẹ̀kẹta: kí a má ṣe lo pẹpẹ láti polówó iṣẹ́ owó kankan, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìjọ. Àjọ àti èsúsú tí a mọ olórí rẹ̀, tí a mọ ọjọ́ kíkó rẹ̀, dára. Ṣùgbọ́n lóde pẹpẹ ni kí a ti sọ ọ́.
Ẹ̀kẹrin: bí ọrẹ ńlá bá dé láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí a bèèrè kí a tó súre.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, bí ẹnikẹ́ni bá mú èlé ńlá wá, bó jẹ́ wòlíì, bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bi í pé: “Iṣẹ́ wo ni owó yìí ń ṣe tí ó fi bí tó báyìí?” Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé owó yín sápò, ẹ kí i dáadáa, ẹ máa lọ.

Àṣọ wa a máa dọ̀tí, a sì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó bá dọ̀tí, ọṣẹ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ mímọ́ lábẹ́ aṣọ mímọ́, ní ọjà, ní bodè, àti ní ìdí àpótí owó, ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.

Orin fún ìparí ẹ̀kọ́:

Wẹ ọwọ́ wa, Olúwa,
Kí ó funfun bí aṣọ;
L’ọ́jà, n’ílé, l’óríta,
Ká má tà Ọ́ f’ówó.