*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: BÀTÀ TÓ LE, BÀTÀ TÓ KÉRÉ*

 

*Kíkà:* 1 Sámúẹ́lì 17:38-40

Ta ni kò tíì ra bàtà tuntun rí lọ́jà Ìkòtún, kó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, kó sì fọwọ́ gbé e padà sílé? Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, gìgísẹ̀ ti bó.

A mọ oògùn ẹ̀. Ẹ ki bébà sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ fi àbẹ́là pa ibi tó ń ha yín, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí ẹ máa fi rìn nínú ilé díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ awọ gidi, á rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ṣúmẹ́kà tó ń lu àpótí kọjá ní Ẹ̀gbẹ́dá. Awọ lè fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í gùn sí i. Bí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ bá ti kan iwájú, kò sí sùúrù tó máa tún un ṣe. Bàtà yẹn ò le, ó kéré ni.

Ìrora méjèèjì jọra lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ṣé ó ń dín kù, àbí ńṣe ló ń pọ̀ sí i?

Iṣẹ́ tuntun máa ń le. Ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó máa ń le. Ẹ má tètè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní kí ẹ máa yí ìṣirò owó, bí ọkọ bá ń na ìyàwó, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kò tíì mọ́ wa lára. Ibí yìí làwa ìjọ ti ń ṣàṣìṣe o: a máa ń yára sọ fún arábìnrin tójú ẹ̀ wú pé "ẹ ṣáà fara dà á", láì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Dáfídì gbé ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù wọ̀, ó gbìyànjú láti rìn, ó sì bọ́ ọ. Kò bú Sọ́ọ̀lù, kò sì sá fógun. Kànnàkànnà tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ló mú lọ.

*Iṣẹ́ òní:* Bẹ́nìkan bá sọ ìrora rẹ̀ fún yín, ẹ bi í kí ẹ tó gbà á nímọ̀ràn: "Ṣé ó ń dín kù?" Bí kò bá dín kù, ẹ bá a wá ọ̀nà àbáyọ.

*Àdúrà:* Olúwa, là mí lójú kí n mọ ibi tí sùúrù ti ń tún nǹkan ṣe, àti ibi tó ti di ìpalára. Má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Rẹ ti ẹnikẹ́ni mọ́ inú ìyà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á tura fún wa o.