Àgbà Tí Kò Fún Wa Lọ́mú Rí

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé gbèsè ni ìtọ́jú àgbà: ẹni tí a tọ́ lánàá ni yóò tọ́jú wa lọ́la. Ṣùgbọ́n bí àgbà kan kò bá fún wa lọ́mú rí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkété fúnra rẹ̀. Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tanzania, àjọ APOPO máa ń kọ́ òkété láti fi imú wá àdó olóró tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 5 ní Cambodia, ó sì tọ́ka sí ohun abúgbàù tí ó lé ní 100. Ní ọdún 2020, àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ó fẹ̀yìn tì ní 2021, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2022, lẹ́ni ọdún 8. Gbèsè ni wọ́n san, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí ó ṣòro jù èyí lọ. Furet jẹ́ ẹranko kékeré, tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ti ń fi dọdẹ ehoro láti ayébáyé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sìn nínú ilé. Bí ó bá sú olówó rẹ̀, ilé ààbò ẹranko ni í bá ara rẹ̀. Ọdún 6 sí 8 ni ó sábà ń lò láyé. Bí ó bá ti tó ọmọ ọdún 4, àìsàn a máa dọdẹ òun náà. Ẹni tí ó bá gba èyí tí ó ti darúgbó sílé mọ̀ pé owó oògùn àti ọ̀fọ̀ ni òun gbà. Kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan, kò sì retí èrè.

Ẹlòmíràn ní Parakou yóò wí pé: “Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ẹ̀ ń bọ́ ẹranko!” Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ní Borgou wa yìí, màlúù tí ó ti fa ohun ìtúlẹ̀ lóko òwú fún ọdún mélòó kan, ọ̀dọ̀ alápatà ni a ń fà á lọ bí agbára rẹ̀ bá dínkù. Àgbẹ̀ tí ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ níléèwé kì í ṣe ìkà.

Síbẹ̀, bí gbèsè nìkan bá ni òṣùwọ̀n wa, ta ni yóò tọ́jú àgbà tí kò lọ́mọ? Ìlú tí ojú irin láti Kútọnu parí sí ni ìlú wa; òwò ni ó gbé ọ̀pọ̀ àgbà dé ibẹ̀. Àwọn kan kò bímọ. Ọmọ àwọn mìíràn lọ, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Òwe òkété kò ní ohunkóhun fún wọn. Ẹni tí ó gba furet arúgbó ń ṣe ohun tí òwe náà kò sọ: ó gbà pé iyì ẹlẹ́mìí kò parí níbi tí ìwúlò rẹ̀ parí sí. Bí ó bá wá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó kan láì kí wọn, ẹ̀kọ́ náà kò tíì yé e.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wá irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ rí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí a mọ ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún wọn, àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé e.