Ta ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Lens?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a ń sọ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìwà. Mo wí pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Racing Club de Lens, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé, ti àwọn tí ń wa èédú ni. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Awakùsà wo? Kòtò èédú tí ó kẹ́yìn ní àgbègbè náà ti di títì pa láti 1990. Ẹni tí ó fi owó ra ẹgbẹ́ ni ó ni ẹgbẹ́. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀." Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi rò ó. Kí ni ó ń sọ ohun kan di ti ẹni? Àti pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa fi ìyà tí òun kò jẹ yangàn?

Kí á tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn. Ọdún 1906 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, iná bú gbàù nínú ihò èédú ilé-iṣẹ́ Courrières, nítòsí Lens, ó sì pa 1,099 ènìyàn, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ó di ogún ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn ọkùnrin mẹ́tàlá kan tó rìn jáde láàyè láti inú òkùnkùn náà, nígbà tí àwọn ará ilé wọn ti sunkún wọn tán. Èmi kò sọ pé jàǹbá náà ni ó bí ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn eré ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìlú tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ nìyẹn: ìlú tí baba ń wọ inú ilẹ̀ lọ ní òwúrọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò bá ilé jẹun alẹ́.

Ogun Àgbáyé Kìíní wó ìlú náà palẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Pólándì wá láti wa èédú níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn sì gbá bọ́ọ̀lù fún Lens. Maryan Wisnieski, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Faransé nínú ìdíje ife àgbáyé 1958, wà lára wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ta ni ó kọ́ pápá ìṣeré fún ẹgbẹ́ náà? Ilé-iṣẹ́ èédú ni. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kùsà ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1933, ṣùgbọ́n orúkọ Félix Bollaert, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1934, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ni ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé, òun ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ní tèmi, mo gbà pé ìwọ̀ wà nínú oúnjẹ náà. Ẹni tí ó ti fi ohùn rẹ̀ pariwo tán ní ọjọ́ Àìkú fún ẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ṣòro kí ó tó rí ohùn fi bá ọ̀gá náà jà ní ọjọ́ Ajé. Ní àwọn ọdún yẹn náà, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará Pólándì sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n dá wọn padà sí ibi tí wọ́n ti wá, bí ẹni dá ọjà tí kò tà padà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi lágbára ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Kì í ṣe òní nìkan ni ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti àwọn awakùsà nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣì ń wa èédú pàápàá, kì í ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1969. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ti gba ilé-iṣẹ́ èédú. Nígbà tí èrè èédú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ilé-iṣẹ́ náà ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Lens sì kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí ń san owó oṣù. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí ó ni nǹkan ti jù ú nù. Ṣùgbọ́n ìlú kò jẹ́ kí ó parí. André Delelis, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi èjìká gbé e. Ní 1970 ẹgbẹ́ náà tún padà sí ipò rẹ̀. Ní 1973 ó padà sí líìgì àgbà. Ní 1998 ó gba ife líìgì ilẹ̀ Faransé, òun àti Metz ní àmì 68 dọ́gbadọ́gba, iye góòlù ni wọ́n fi yà wọ́n.

Níhìn-ín ni mo ti rí èsì ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Bí baba kan bá bí ọmọ, tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí aládùúgbò wá gbé e, tí ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dìde, ta ni ọmọ náà yóò pè ní baba? Ohun tí a rà jẹ́ tiwa nínú ìwé. Ohun tí a kò jù sílẹ̀ ní ọjọ́ tí kò lè pa owó wọlé fún wa, òun ni ó jẹ́ tiwa ní òtítọ́. Láti 2013 ẹgbẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó láti òkèèrè, wọ́n sì ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Láti 2015 sí 2020 ó wà ní líìgì kejì. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò yẹsẹ̀. Pápá náà gba ènìyàn tí ó lé ní 38,000, ìlú Lens fúnra rẹ̀ kò sì ní tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kejì, òun ni ó sì bá mi jà jù. Àtùpà awakùsà wà nínú àmì ẹgbẹ́ náà títí di òní. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì eré, gbogbo pápá a máa kọ orin *Les Corons*, tí Pierre Bachelet kọ ní 1982, orin nípa àwọn ilé awakùsà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ kò rí ihò èédú rí. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Bí irọ́ bá ni, irọ́ ni oríkì wa náà. Ta ni nínú wa tí ó ja ogun tí wọ́n fi ń kì í? Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Gbèsè ni. Ẹni tí a bá kì ní ọmọ akin, a ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sá. Bí orin náà bá ń mú kí àwọn ará Lens rántí àwọn àgbà tí eruku èédú ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, tí ó sì ń mú wọn dúró ti ara wọn, òótọ́ ni wọ́n ń kọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wù nìkan ni wọ́n fi ń tà, a jẹ́ pé òwe àwọn baba wa ti ṣẹ: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo máa ń fi yangàn pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, pé inú iná ni a ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bàbá àgbà náà fọ́, tí wọn kò lè dá rìn mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ kí wọn kí wọ́n tó kú. Mo gba oríkì, mo sá fún gbèsè. Àwọn tí wọ́n dúró sínú òjò ní Lens nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà nísàlẹ̀ sàn jù mí lọ.

Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Òfin kò mọ irú olóhun bẹ́ẹ̀." Mo ní òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí òfin nìkan kò fi tó ènìyàn í gbé ayé.