Ọ̀dà Abẹ́ Ọ̀dà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan lóṣù yìí. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá fo apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó ra ọjà kò lè rí i, tí kò sì béèrè, ṣé a lè pe oníṣẹ́ náà ní òpùrọ́? Ẹ má tíì dáhùn o.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ onígi kéékèèké ló gbé ìbéèrè yìí wá sí ọkàn mi. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ìjọba ṣí ní 1978, mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń rí láàárín Ìbàfò àti Mowé. Bí mọ́tò bá ti dúró báyìí, àwọn ọlọ́jà á dà bo fèrèsé: oníbúrẹ́dì, olómi, onígúgúrú. Láàárín wọn ni mo ti ń rí àwọn tó ń ta dáńfó onígi tí kò ju bàtà ẹsẹ̀ kan lọ, tí yẹ́lò rẹ̀ ń kọ mànà, tí ilà dúdú méjì sì wà lára rẹ̀ bíi ti Èkó gan-an. Mólúè ńkọ́? Ó wà. Táńkà agbépo tí wọ́n kùn ní pupa fòò náà wà. Ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, mo ti rí ọkọ̀ ojú irin onígi pẹ̀lú. Kò yà mí lẹ́nu, ìlú rélùwéè ni Ìfọ̀; ibẹ̀ ni ojú irin ti yà sí Ìdógò láyé òyìnbó.

Iṣẹ́ yìí ní ètò. Bí wọ́n bá gbẹ́ igi tán, wọ́n á fi sáńpépà ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀. (Láyé àwọn baba wa, ewé eèpín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa.) Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà àkọ́kùn, èyí tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní ọ́ńdákóòtù. Igi máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu omi, ojú kókó rẹ̀ sì lè sun oje tó ń ba àwọ̀ jẹ́. Ọ́ńdákóòtù ló ń dí gbogbo ihò wọ̀nyẹn, òun náà ló ń di ọ̀dà òkè mú. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ, kí wọ́n tún fi sáńpépà nù ún lójú fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó kùn gúlọ́ọ̀sì lé e, ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó ki. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá fo ọ́ńdákóòtù á parí lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ á sì máa dán bíi ti ẹnì kejì. Ó di oṣù mélòó kan kí ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí awọ ejò.

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìbàfò léèrè ìdí tí kì í fi í kùn ún. Kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á, ìṣẹ́jú kan péré ló ní. Èyí tó ń dán ló ń rí. Tí mo bá gbé owó ọ́ńdákóòtù lé e, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé ó wọ́n." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bàbá kan wà ní Ìfọ̀ tí kì í fò ó. Mo rò pé yóò kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúwàbí. Rárá o. Ó ní àwọn oníbàárà òun mọ ṣọ́ọ̀bù òun, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n wá máa bú òun níwájú àwọn ọmọ òun ni.

Àwọn kan á ní dídán náà gan-an ni ẹ̀tàn. N kò gbà. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn Kétu àti Yewa ń jó, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó wà lára àwọn àṣà tó ta yọ láyé. Àwọn agbẹ́gilére gbé alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà inú agolo kùn ún. Àwọn ère ìbejì wà tí wọ́n fi búlúù ìfọṣọ kun irun orí wọn. Ta ló pe ìyẹn ní irọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun mí ni inú agolo ọ̀dà náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà láyé ti ń fi èròjà tó ní òjé ṣe yẹ́lò àti pupa, nítorí àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ kedere, kì í sì í tètè ṣá. Yẹ́lò dáńfó, pupa táńkà! Amẹ́ríkà fòfin dè é lára ohun ìṣeré ọmọdé ní 1978, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ọ̀nà wa yìí. Àjọ ìlera àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì máa ń wọ ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́. A kò tíì gbàgbé Zamfara ní 2010, níbi tí òjé ti pa ọmọ tó lé ní irinwó. Erùpẹ̀ wúrà ló fa tiwọn, kì í ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Ọmọ wo ló sì wà tí kì í fi ohun ìṣeré sẹ́nu?

Ní 2007, ilé iṣẹ́ Mattel pe ohun ìṣeré tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí òjé inú ọ̀dà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún wọn ní Ṣáínà gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìwé ìròyìn ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló tà á ní ọ̀dà náà.

Níbí ni "oníbàárà kò béèrè" kò ti gbe ẹnikẹ́ni mọ́, ní tèmi o. Nínú ọ̀rọ̀ ọ́ńdákóòtù, ẹni tó sanwó ló jìyà, ó sì lè bá ọ jà. Nínú ọ̀rọ̀ òjé, ẹni tó jìyà kò rajà, kò tajà, kò tilẹ̀ tíì lè sọ̀rọ̀. Àìmọ̀ lè gba oníṣẹ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ti mọ̀.

Mo sọ fún ọ̀dọ́kùnrin Ìbàfò náà. Mo ní kó yé ra ọ̀dà tí wọ́n bù sínú ìgò tí kò ní àkọlé, kó wá èyí tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé kò ní òjé. Bí kò bá rí i, kó kọ ọ́ sí abẹ́ dáńfó náà pé orí tábìlì ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa wá rà á?" N kò ní èsì tó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń na ọwọ́ jáde ní fèrèsé mọ́tò ni èsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ bi í pé ọ̀dà wo ló fi kùn ún. Bó bá fún yín ní ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an mọ́ jàre; ẹ sanwó rẹ̀ pé, kí mọ́tò tó ṣí.