Orogún Ló Ṣẹ̀, Ọba Ló Ń Túúbá

Àlejò tó bá gba ọ̀nà Benin wọ Ọ̀wọ̀, tó la Ìfọ́n àti àwọn abúlé Ọ̀sẹ́ kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ń to isu lókìtì-lókìtì sí ẹ̀bá títì de ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò dúró, kì í pẹ́ mọ̀ pé ìlú tí òun ń lọ kì í ṣe ìlú àná. Ṣùgbọ́n ojú lalejò ní, kò fi í ríran. Bí kò bá jókòó ti àgbà kan kó béèrè ọ̀rọ̀, yóò wo Ọjà Ọba níwájú ààfin, yóò wo àwọn ùghà, ìyẹn àgbàlá inú ààfin, tí wọ́n ní ó tó 100 nígbà kan rí, tí ìjọba àpapọ̀ sì ka ààfin náà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000, yóò sì padà sílé láìmọ ohun tó gbé ìlú náà ró.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró nínú ọjà náà kò ju ìyá arúgbó kan lọ, tó ru ìdì igi ìdáná dé ẹ̀yìn ìsọ̀. Kò jù ú sílẹ̀ gbì gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe níbi gbogbo. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdì náà mú, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀ kó tó dìde. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nítorí ìtàn kan tí wọ́n ń sọ nílùú náà ni ó ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ni ó mú wá sí mi lọ́kàn.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀wọ̀ ti ń sọ ọ́, Ọ̀rọnsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, arẹwà tí ọrọ̀ ń tọ̀ lẹ́yìn, ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ìlá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná lulẹ̀ níṣojú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀. Ẹ wò ó. Kò sí ìpànìyàn nínú wọn, kò sí olè, kò sí irọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n, ohun tí obìnrin mìíràn ti ń ṣe kí oòrùn tó yọ. Ọjọ́ tí ọkọ kò sí nílé ni àwọn orogún, tí owú ti gba ọkàn wọn, ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀. Ó sì fi ìbínú kúrò láàfin, ó wọ igbó lọ, gèlè rẹ̀ já bọ́ lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mú padà.

Nítorí rẹ̀ ni ọdún Ìgògò fi ń wáyé lóṣù kẹsàn-án, fún ọjọ́ 17. Ní ìgbà náà, ìlù kò gbọdọ̀ dún nílùú, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè, a kò sì gbọdọ̀ yìnbọn. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ọba aládé, èkejì òrìṣà, yóò di irun bí obìnrin, yóò fi iyùn ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, yóò sì jó jáde láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ọba ló ń túúbá fún un? Kì í ṣe òun ló lọ ìlá. Àwọn orogún tó ṣẹ̀, ìtàn kò tilẹ̀ dá orúkọ wọn sí fún wa. Àwọn kan yóò ní àròsọ lásán ni, àwọn mìíràn yóò ní ìbọ̀rìṣà ni, kí a kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ka Bíbélì, tí a gbà pé Ẹni tí kò ṣẹ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀, kò yẹ kí a yára pe ọ̀rọ̀ yìí ní àjèjì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé ẹni, bí ẹni kò tilẹ̀ sí nílé, ọrùn ẹni ló wà, pàápàá bó bá jẹ́ pé àìsí nílé ẹni náà ló fi àyè sílẹ̀ fún un.

Láàárín ìlú yìí kan náà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, lọ́jọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Àgùdà Francis Xavier Mímọ́ ní òpópónà Ọ̀wálúwà, ibi tí kò jìnnà sí ààfin, wọ́n sì pa àwọn olùjọ́sìn tó tó 40, ọmọdé àti arúgbó. Èyí kúrò ní ọ̀rọ̀ ìlá lílọ. Síbẹ̀, ìlú tó fi ọjọ́ 17 lọ́dọọdún bẹ obìnrin kan tí wọ́n fi omi àti igi ṣẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tí yóò túúbá fún ogójì. Àwọn tó yìnbọn kò ní túúbá. Ẹni tí ààbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti Abújà títí dé ìbílẹ̀, tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ sọ pé kì í ṣe òun ló yìnbọn. Ọlọ́wọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa Ọ̀rọnsẹ̀n. Ní Ọdún Àjíǹde 2023 ni wọ́n ṣí ilé ìjọsìn náà padà, àwọn ènìyàn sì wọlé, wọ́n jókòó, gbèsè ìtúúbá náà sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.