PÁSÍTỌ̀, Ẹ DÁKẸ́ NÁ

Ka: 1 Àwọn Ọba 19:9-13, Mátíù 6:25-27, Máàkù 10:46-52

Olùfẹ́, nígbà wo ni o gbójú sókè wo ẹyẹ gbẹ̀yìn? Kì í ṣe èyí tó ń jẹ àgbàdo rẹ lóko o. Jésù Olúwa wa ní kí a wò wọ́n, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Agbabu níbí, ilẹ̀ ni a máa ń wò. Ọ̀dà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wa láti wá a. Títí di òní, bí oòrùn bá mú, yóò sun jáde fúnra rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ bàtà ẹni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, olùkọ́ ni, tó fẹ́ràn àtimáa wo ẹyẹ. Inú igbó IITA ní Ìbàdàn ló ti kọ́ ọ. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ìbátan ẹ̀gà, dúdú àti pupa, tí a kò rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa yìí. Ní 1958 ni John Elgood tó fún un lórúkọ kọ̀wé nípa rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn sì ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ó pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi yìí ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun gun òkè Ìdànrè ní ìdájí. Nígbà tí mo gbà, kì í ṣe nítorí ẹyẹ. Àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà lórí òkè. Ọmọkùnrin mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti padà wálé láàárín sáà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, mo ti da òróró sí i lórí, mo ti lé ẹ̀mí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. (Ó ti gbà pé kí n kọ èyí.)

A sun Ìdànrè mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn náà, tó lé ní 600. Orí òkè yìí ni ìlú wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ìkùukùu bo àpáta, igbó tó wà láàárín àwọn òkè sì ṣókùnkùn. Ní ibi ìsinmi kejì, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. O mọ bí àwa ṣe ń gbà á. Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń jágbe, àpáta ń dá a padà. Nǹkan kan fò lọ fìrì láti orí igi tó wà lókè wa. Ọ̀rẹ́ mi sọ awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn kalẹ̀.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Àlùkò nìyẹn. Òun ni mo ti ń retí."

Inú bí mi díẹ̀. Ta ní í sọ fún pásítọ̀ pé kó dákẹ́ lẹ́nu àdúrà? Ṣùgbọ́n mo jókòó.

Olùfẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀ láti fi dákẹ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́: èémí mi, ikùn mi, gbèsè mi. Lẹ́yìn náà ni igbó wá bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń fi òòlù kékeré lu irin, kò sinmi rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹyẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àgbìgbò méjì ń bọ̀, mo gbọ́ ìyẹ́ wọn kí n tó rí wọn. Nígbà tó yá, àlùkò padà wá. Ó bà sórí ẹ̀ka, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó na ìyẹ́ láti fò, pupa inú rẹ̀ tàn bí osùn.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo bi í léèrè ajá tó ń gbó nínú igbó lóru. Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀fàfà ni. Ní 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde pé èyí tó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ wà lára ohun tó tú u fó: àwọn yòókù ń ké, tiwa ń gbó.

N kò sọ pé kí a má pariwo gbàdúrà o. Bátíméù pariwo, Jésù sì dúró. Ṣùgbọ́n kíyè sí i, nígbà tó dúró, ìbéèrè ló bi í. Ní Hórébù náà, lẹ́yìn ìjì àti ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná, nígbà tí ohùn kẹ́lẹ́ náà dé, ìbéèrè ni Ọlọ́run tún bi Èlíjà, èyí tó ti bi í tẹ́lẹ̀, ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán kó tó rán an níṣẹ́. Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan, n kò tíì bi ọmọ mi ní ẹyọ kan.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Mo wọ yàrá rẹ̀ láìmú òróró dání. Mo ní, "Kí ló dé, ọmọ mi?" Kò dáhùn. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ ìta. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kó tó sọ pé, "Dádì, owó ilé ìwé tí ẹ fún mi, mo ti fi ta tẹ́tẹ́ tán."

Ẹnu mi ti là. Mo rántí àlùkò, mo pa á dé. Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

Àdúrà: Baba, là mí létí ní òwúrọ̀ yìí, ní orúkọ Jésù. (Kí gbogbo ilé jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣe Àmín.)