Oko Anatoti àti Ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Wa



Ní orí 32 ìwé wòlíì Jeremáyà ni ìtàn kan wà tí a kì í sábà gbọ́ láti orí àga ìwàásù. Ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù, wòlíì náà sì wà nínú àgbàlá túbú. Nígbà náà ni Hanameli, ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, tọ̀ ọ́ wá pé kí ó ra oko òun tí ń bẹ ní Anatoti. Jeremáyà rà á ní ṣékélì fàdákà 17. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí ó ti rà á. Ó kọ ìwé, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì wọn owó náà lórí òṣùwọ̀n. Ó fi èdìdì di ẹ̀dà kan, ó fi èkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó sì pàṣẹ fún Baruku, lójú gbogbo àwọn tí ó jókòó ní àgbàlá, pé kí ó kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kí wọn lè pẹ́. Ìbátan sí ìbátan ni o, síbẹ̀ wòlíì Ọlọ́run kò wí pé, “Ọmọ ilé kan ni wá, kí ni a ń fi ìwé ṣe?”

A rántí ìtàn yìí nítorí pé Ọlọ́run fi ìṣúra sí abẹ́ ilẹ̀ wa. Ní Obajana ni òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà. Ní Ìtàkpé ni irin wà. Ní Jakura ni òkúta mábù wà. Ní agbègbè Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ni wúrà wà. Ta ni yóò wí pé wọn kì yóò dé Òkè-Bùkún lọ́jọ́ kan? Bí àlejò bá dé ti òun ti ìwé lọ́wọ́, ti òun ti àpò ìrẹsì àti owó obì fún àwọn àgbà, kí ni àwa ará Bùnú yóò wí?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí í ṣe tiwa. Àwọn ẹlòmíràn rò pé ohun tí ń bẹ lábẹ́ oko baba wọn, tiwọn ni láti tà. Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ lè ni epo tí ń bẹ lábẹ́ oko rẹ̀, kí ó sì fi í yá ilé iṣẹ́ epo. Lọ́dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 fi gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. (Bóyá ó dára bóyá kò dára, bí ó ti rí ni a ń wí.) Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ti 2007 kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. A gbọ́dọ̀ fi tó onílẹ̀ létí, kí a sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó ìlò ilẹ̀, irú èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ san owó irè oko àti ilé tí ó bá bàjẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlú kọ ìwé àdéhùn lórí ohun tí yóò ṣe fún ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ó máa yẹ̀ wò ní ọdún 5-5. Ìwé àṣẹ láti wá inú ilẹ̀ wò jẹ́ ti ọdún 3. Ti àtiwà á jáde jẹ́ ti ọdún 25. Ọmọ tí a ṣe ìrìbọmi fún lọ́jọ́ Àìkú tí ó kọjá lè ti di baba ọmọ kí ọdún 25 náà tó pé.

Kì í ṣe òní ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí. Ní 1886 ni a fún Royal Niger Company ní àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria láti máa ṣe àkóso lẹ́bàá Odò Ọya. Àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ti sá gun orí òkè nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé, yọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ilé iṣẹ́ náà wọ Kàbà ní 1897. Ayọ̀ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ti gbé ìwé lọ bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọba àti baálẹ̀ lẹ́bàá odò, tí wọ́n fi àmì sí ohun tí wọn kò lè kà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1900, a san £865,000 fún un. A sì tún fi kún un pé ìdajì owó àlùmọ́ọ́nì tí ìjọba yóò máa gbà ní apá ńlá kan ní ìlà-oòrùn odò náà yóò jẹ́ tirẹ̀ fún ọdún 99. Bùnú kò sí nínú apá náà, a sì dúpẹ́. A kò gbọ́ pé a pe ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi àmì sí ìwé wá síbi ìpín.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ìwé ṣáà ni ìwé ń jẹ́, kí ó ka orí 21 nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní. Ìwé àti èdìdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Jésébẹ́lì ni ó kọ ọ́ ní orúkọ Áhábù. Ó fi èdìdì ọba dì í, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àti àwọn ọlọ́lá ìlú Naboti. Wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Kò sí ibi tí a gbé kà pé wọ́n ka ìwé náà sí etí ìlú. Ohun tí a kà ni pé wọ́n sọ Naboti lókùúta, ọgbà àjàrà rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ ọba. Kì í ṣe èdìdì ni ó mú kí ìwé Anatoti yàtọ̀ sí ti Jesreeli. Gbangba ni a ti kọ ọ̀kan; ìkọ̀kọ̀ ni a ti kọ èkejì, láàárín aya ọba àti àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bo ọmọ ìlú wọn.

Àwa kò dá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa lẹ́bi tí wọ́n ń wí pé kí a tètè gba owó. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni, òrùlé ń jò. Àwa tí a ń kọ èyí pàápàá ti fi ọwọ́ sí ìwé rí láìkà á dé òpin, nítorí pé ẹni tí ó gbé e wá ń kánjú. Ó pẹ́ kí a tó bọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń kánjú ti ń bà wá lẹ́rù ju ẹni tí ń bínú lọ.

Nítorí náà a ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ìjọ, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí í ṣe agbẹjọ́rò. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ tú u sí èdè ilé wa, kí ẹ sì kà á ní gbangba, láti ọ̀rọ̀ kìíní dé ìkẹyìn, nígbà tí àwọn ìyá wa bá ti ti oko àti ọjà dé, nítorí ọwọ́ wọn ni ń ro púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, a kì í sì í pè wọ́n. Bí gbogbo ìlú bá gbà, kí owó tí a san di kíkà lójú gbogbo ènìyàn. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Kí ọ̀kan wà nínú àpótí irin ìjọ, níbi tí a ń kó ìwé ìgbéyàwó sí. Kí ẹ̀kẹta sì wà ní ṣíṣí ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọ tí ó ti mọ̀wé yóò lè kà á sí etí ìyá rẹ̀.